Pọ́dà Terence Blenkinsop àti Tábìlì Wal

Ẹ bá mi kí Terence Blenkinsop! Terence ayọ̀-bọ̀rọ́, Terence a-dán-bí-orí-apárí, ọkọ Glenys, ọba àwọn tó ń ta táǹkì omi ní ìlú Wirrabeen wa, ẹni tí kò lè rí gíláàsì mọ́tò kó má dúró yẹ irun ẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ irun ọ̀hún ò ju fọ́nrán díẹ̀ lọ.

Nínú ẹgbẹ́ oníbọn tiwa, a kì í pa ẹran, a kì í sì í jagun. Ìdí tábìlì kọnkéré la máa ń jókòó sí. A ó gbé ìbọn lé àpò iyanrìn méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, a ó wá máa wá bí ọta márùn-ún ṣe máa gba ojú ihò kan ṣoṣo kọjá lára bébà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ìbọn bá dún, ó gbọ́dọ̀ yọ́ sẹ́yìn lórí àpò wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí awọ àpò bá gbá a mú pẹ́nrẹ́n, ọta ti yà bàrà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń fi pọ́dà ọmọ ra àpò, tí àwa àgbàlagbà onírùngbọ̀n fi ń rùn bí ọmọ tuntun.

Ti Terence ò mọ níwọ̀n. Ó ní pọ́dà ọmọ, ti àwọn tálákà ni. Tòun wá láti Jámánì, inú agolo fàdákà ló wà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó fi páálíìṣì mọ́tò pa igi ìbọn. Ó tún fi aṣọ tó ń dán rán àpò.

"Ìbọn mi ò nílò ọwọ́," ló máa ń sọ. "Ìka kan péré ni mo fi ń kàn án. Ẹ̀yin ẹ máa dì í mú bí ẹni mú adìẹ tó fẹ́ sá."

"Terence," ni mo ní, "ṣé o ò tíì máa bu pọ́dà yẹn sí tíì ṣá?"

"Gus, ìlara ló ń pa ẹ́."

Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, à bá fi í ṣẹ̀fẹ̀ lásán. Àmọ́ orúkọ Wal Gilfoyle ló wà lẹ́nu géètì pápá wa. Wal ti kú. Òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ da kọnkéré gbogbo tábìlì wa, Enid ìyàwó ẹ̀ ló sì ń po sìmẹ́ǹtì fún un. Òrùlé ahéré tí a ti ń mu tíì wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ni Terence bá ní òun á kan òrùlé tuntun, bí a bá lè yọ orúkọ Wal, ká fi tòun sí i. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹ páì ọwọ́ mi tán. Àwọn ará ẹgbẹ́ ń wolẹ̀, òjò ń kán sí wọn lọ́rùn. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò: bí Terence bá gba ife ẹ̀yẹ ìdíje ọdún Àjíǹde, kó gbé orúkọ ẹ̀ wá. Bí kò bá gbà á, kó má dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ láéláé.

"Géètì yẹn ni mo máa ń kí láràárọ̀ bí mo bá ń kọjá," ni Enid sọ fún mi.

Terence ò tiẹ̀ dúró de ìdíje. Ó kun pátákó, ó kàn án mọ́ ẹnu géètì, ó fi aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì bò ó. Ó pe Glenys.

"Bí o bá ti gbọ́ ìró ìbọn mi ìkarùn-ún, fa aṣọ yìí wálẹ̀. Má dúró de ẹnikẹ́ni."

"Bí o ò bá wá borí ńkọ́?"

"Glenys! Ṣé èmi náà lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Nígbà tí a dé pápá láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ẹ gbà mí! Ojú gbogbo tábìlì wa rí háráhárá bí ahọ́n màlúù, bí Wal ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Terence ti gbé ẹ̀rọ wá lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ti lọ ojú tábìlì àkọ́kọ́ tó jẹ́ tirẹ̀, ó tún fi páálíìṣì lé e. Ó ń dán, ó ń kọ mànà.

Enid gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. "Terence, Wal ló fi ìgbálẹ̀ fa ìlà sára ẹ̀ nígbà tí sìmẹ́ǹtì ṣì tutù."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ó rí págunpàgun jù. Ohun tó bá máa jẹ́ orúkọ mi gbọ́dọ̀ dán."

Enid lọ jókòó sídìí tábìlì kejì, ó gbé ìbọn Wal kalẹ̀.

Èmi ni mo di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú lọ́jọ́ náà. Terence ṣí agolo, ó sì ń gbọn pọ́dà bí ẹni ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí tẹ́lẹ̀. Ó dà á sórí àpò, ó ṣàn sí abẹ́ àpò, gbogbo tábìlì funfun báláú.

"Kí afẹ́fẹ́ tó yí, màá ti yin márààrún tán," ló wí.

Mo pàṣẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Gbòà! Ìbọn yọ́ sẹ́yìn lórí àpò, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n àpò náà yọ́ tẹ̀lé e, nítorí kò sí ohun tó dì í mú nísàlẹ̀ mọ́. Terence fi ìkánjú tì í padà, kò wo ibi tó kọjú sí dáadáa. Gbòà! Gbòà! Gbòà!

Mervyn, ará ẹgbẹ́ wa tó ń fi awò wo bébà lọ́ọ̀ọ́kán, já mi léèékánná. "Gus, ihò mẹ́ta ti wà lára bébà Enid."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Enid ò tíì yìnbọn kankan!"

Kí n tó la ẹnu pé kí wọ́n dúró, Terence ti tẹ orí síwájú sí ìbọn, ó ti yin ìkarùn-ún. Gbòà! Ìbọn, àpò, gbogbo ẹ̀ ló wọ́ padà wá bá olówó wọn. Etí awò tó wà lórí ìbọn gbá a níwájú orí, ó ya òṣùpá sí i lókè ojú. Àga dojú dé. Agolo fàdákà fò sókè, ó sì dà lé e lórí.

Òórùn tó gba gbogbo pápá kan, òórùn ọmọ tuntun ni, bíi ti pọ́dà àwa tálákà gẹ́lẹ́.

"Háà! Jámánì náà ń bí ọmọ o!" ni Mervyn pariwo.

Glenys tó ti ń ka ìró ìbọn tọkàntọkàn wá fa aṣọ. Lẹ́tà gàdàgbà gadagba yọ lára pátákó: PÁPÁ TERENCE BLENKINSOP, ẸNI TÍ ỌTA RẸ̀ KÌ Í ṢÌNÀ. A wo pátákó. A wo Terence nílẹ̀, ó funfun bí ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀, mo sì gbàgbé pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lẹ́nu mi.

"Glenys, ta ló ní kóo fà á?" ni Terence ń ké.

"Ìwọ lo ní kí n má dúró de ẹnikẹ́ni!"

Bí ọta rẹ bá bá bébà ẹlòmíì, o ti jáde nínú ìdíje nìyẹn. A fún Enid ní bébà tuntun, ó yin tiẹ̀ jẹ́jẹ́. Ará ìlú Coolabarra kan ló gbé ife lọ níkẹyìn, kò sì dun ẹnikẹ́ni, torí a ti yọ pátákó Terence, orúkọ Wal ṣì wà lẹ́nu géètì.

Ẹgbẹ́ wá ní kí Terence dá tábìlì padà sí bó ṣe wà. Ló bá kúnlẹ̀ sínú oòrùn tòun ti òòlù àti irin, báńdéèjì wà lókè ojú, ó ń ṣá kọnkéré díẹ̀díẹ̀. Enid gbé àga ẹ̀ wá, ó bu tíì, ó jókòó tì í.

"Màmá," ni Terence wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò tíì tó?"

Màmá gbé ife tíì sílẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú tábìlì, ó rọra fi pa á láti eteetí dé eteetí, kò kánjú rárá.

"Ó ṣì ń yọ̀, Terence."