Aṣọ Àrán Ara Kọ̀ǹpútà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "A kì í ní kí ẹni sáré, ká tún dí i nímú"? Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹṣin ni o. Ilé ìwé girama Òkè-Àgbéde ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ọ̀gá àgbà, Alàgbà Lánipẹ̀kun, fi aṣọ àrán wé e tímọ́tímọ́ nítorí eruku. Ó ti fèrèsé pa nítorí olè, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Fáànù yàrá náà, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọjú sí.

Lọ́jọ́ kan, Ìbídùn, olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ń fi orúkọ ogójì ọmọ ránṣẹ́ fún ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Bí aago méjì bá ti lù, ìforúkọsílẹ̀ parí. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ò bá wọlé, ọdún kan rẹ̀ ti ṣòfò nìyẹn. Ẹ̀rọ sì ń wọ́ bí ìgbín.

"Mú un yára!" ni ọ̀gá wí.

"Ó ti gbóná, sà. Ẹ jẹ́ ká bọ́ aṣọ yìí, ká gbọn eruku inú rẹ̀, ká wá máa fi eré kún un díẹ̀díẹ̀, ká sì máa wo ooru rẹ̀."

"Kí ohun ìní ìjọba wà níhòòhò? Àròyé rẹ pọ̀! Kúrò níbẹ̀!"

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gba ìdí ẹ̀rọ, ó gbé eré rẹ̀ dé góńgó. Orúkọ mẹ́ta wọlé fìrì.

"Ṣé o rí i?"

Kò tíì pa ẹnu dé tí ojú ẹ̀rọ fi ṣókùnkùn. Òórùn àrán tó fẹ́ jóná gba yàrá. Orúkọ mẹ́tàdínlógún ló kù.

Ìbídùn sáré dé ìdí ẹ̀rọ. "Ọmọ mẹ́tàdínlógún lẹ fi àrán yẹn fún lọ́rùn, sà!" Ó já aṣọ náà, ó gbọn eruku, ó yí fáànù sí ẹ̀rọ. Nígbà tó tutù, ó tàn án, ó dá eré rẹ̀ padà sí ti tẹ́lẹ̀. Orúkọ tún ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá wọ agbádá tó nípọn. Òógùn bò ó. "Yára! Yí fáànù sí mi! Mi ò rí èémí mí!"

"Ó ku méjì, sà. Ẹ ṣí fèrèsé."

"Olè ńkọ́?"

Aago méjì ku ìṣẹ́jú kan ni orúkọ ogójì pé. Ìbídùn bojú wẹ̀yìn: ọ̀gá ti nà gbalaja sílẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò rẹ̀, ó ṣí fèrèsé, ó wá ń fi àrán náà fẹ́ ẹ.

Ọ̀gá lajú. "Kí ló ṣe mí?"

"Ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà ni, sà."

Ọ̀gá wo àrán náà títí. Òun gan-an ló sọ ọ́, àwọn àgbà sì gbà á lẹ́nu rẹ̀: a kì í ní kí ẹni sáré, ká tún dí i nímú.