Ẹ́ńjìnnì Tó Wọ Sùtánà

Àárọ̀ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, bí mo tilẹ̀ ń gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni mí lọ́sàn-án ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Baruwa. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, akẹ́kọ̀ọ́ ni èmi náà. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Ìdímù, níbi tí Ọ̀gá wa, tí ó ti tún bàlúù ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní iṣẹ́ náà. Ìyàwó mi kò yéé bi mí bóyá bàlúù ni mo fẹ́ máa gbé lọ sí Ìyànà Ìpájà. Mo ní kí ó ní sùúrù.

Ọ̀gá ní bàlúù kékeré kan, oníjòkòó méjì, tí ó gbé sí ẹ̀yìn ilé tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ó ti pẹ́ tí kò ti fò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti darúgbó. Ọ̀gá fẹ́ kí ó padà sójú òfurufú, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú wa: ṣé kí a tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, kí a pààrọ̀ gbogbo ohun tí ó ti jẹ nínú rẹ̀, kí a sì tún un tò, àbí kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ pátápátá?

Àlàájì, ọmọ onílẹ̀ kan ní Ìkòtún tí ó ń ta ẹ́ńjìnnì mọ́tò tòkunbọ̀, ni ó máa ń jókòó tì mí. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí Ọ̀gá mí délẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká gbé òmíràn sí i jàre! Mo mọ ẹni tó máa bá wa kó o wọlé. Wọ́n á gba ògbólógbòó yìí lọ́wọ́ wa, wọ́n á fi dín owó ẹ̀ kù."

Bí ẹ́ńjìnnì yẹn bá lọ, kò sí òmíràn tí a óò fọwọ́ kàn ní kíláàsì. Wọn kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn jókòó sí ìdánwò ìwé-àṣẹ bí kò bá tí ì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì, kí ó sì tò ó padà. Àwòrán ojú pátákó nìkan ni mo ti ń rí. Mo dìde, mo ní ká tú u palẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Tí kíráńkì, irin àárín tó ń yí abẹ̀bẹ̀ iwájú yẹn, bá ṣì dáa, Tísà ló jàre. Tó bá ti bàjẹ́, ti Àlàájì ni ká ṣe. Ṣùgbọ́n a ò lè mọ̀ àfi tá a bá ṣí i. Tá a bá sì ti ṣí i, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ wa mọ́."

Èmi tí mo máa ń ronú kí n tó sọ̀rọ̀ ni mo wá sọ̀rọ̀ kí n tó ronú.

"Ẹ jẹ́ ká tan án, sà, ká gbọ́ ohùn ẹ̀."

Bí a ṣe ń ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní àdúgbò wa náà nìyẹn. A óò tan án, a óò tẹ́tí sí i, a óò fi áńkáṣíìfù funfun sí ẹnu páìpù èéfín. Bí ohùn bá dùn, tí aṣọ kò sì dúdú, ọjà wọ̀ nìyẹn. Àlàájì fara mọ́ ọn kíá. Ọ̀gá mirí. Ó ní ohùn kọ́ ni wọ́n fi ń mọ inú ẹ́ńjìnnì bàlúù, ṣùgbọ́n kí n lọ múra, yóò jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa.

Ní àárọ̀ Sátidé náà, mo múra lóòótọ́. Mo fi okùn so ìrù bàlúù mọ́ igi fúrúùtù tí ó wà lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn. Mo fi òkúta há àwọn táyà. Mo gbá gbogbo iwájú rẹ̀ kí abẹ̀bẹ̀ má baà fa òkúta wẹ́wẹ́. Mo lé àwọn ewúrẹ́ jáde. Mo ti ń yin ara mi nínú nígbà tí Ìyá, aya onílé, yọjú lójú fèrèsé.

"Tísà, ṣé kí n kó aṣọ Bàbá kúrò lórí okùn?"

Mo wo ẹ̀yìn. Lóòótọ́, aṣọ wà níbẹ̀. Àgbà ìjọ aláṣọ funfun ni Bàbá onílé, sùtánà rẹ̀ sì ń gbẹ lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù bàlúù. Mo fi ọgbọ́n olùkọ́ ìṣirò rò ó dáadáa: iwájú ni abẹ̀bẹ̀ wà, ẹ̀yìn ni aṣọ wà.

"Rárá o, Mà. Ẹ̀yìn ló wà."

Ọ̀gá wọlé sínú bàlúù. "Ṣé kò sí nǹkan kan?"

"Kò sí nǹkan kan, sà!"

Ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ wúkọ́, ó sì tu eruku dúdú sára kàfùtáànì Àlàájì. Lẹ́yìn náà ni ó gbéra. Ha, ohùn náà dùn! Mo na áńkáṣíìfù sí ẹnu páìpù, afẹ́fẹ́ sì já a gbà lọ́wọ́ mi. Fìlà Àlàájì tẹ̀ lé e. Abọ́ ìfọṣọ Ìyá yí gbiri lọ sí ẹnu géètì. Síbẹ̀ mo ń pariwo pé, "Ẹ gbọ́ ohùn! Ẹ ṣáà gbọ́ ohùn!"

Ìgbà náà ni sùtánà wú, bí ẹni pé ènìyàn wà nínú rẹ̀, ó já kúrò lórí okùn. Afẹ́fẹ́ gbá a mọ́ ògiri, ògiri kò gbà á, ó fò sókè, ó kọjá lórí bàlúù, ó yí bírí sí iwájú, abẹ̀bẹ̀ sì fà á wọlé.

Gbì! Ẹ́ńjìnnì kú.

Bàbá jáde nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó so táwẹ́ẹ̀lì mọ́dìí. "Sùtánà mi dà?"

Ìyá nawọ́ sí abẹ̀bẹ̀.

Àlàájì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ́ńjìnnì Tísà ti gbàgbọ́! Ó ti wọ sùtánà, ó ku kó máa ríran."

Bàbá ní, "Ìdúpẹ́ ń bẹ ní ìjọ lónìí. Ẹ bá mi bọ́ ọ lọ́rùn ẹ̀, kí n tó bọ́ tiyín."

A bọ́ ọ, ní àkísà. Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wò mí. Ó ní abẹ̀bẹ̀ tí nǹkan bá gbá mú lẹ́nu yíyí, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì kú lójijì, dandan ni kí wọ́n ṣí ẹ́ńjìnnì náà wò. Kí a ṣí i láìmọ inú rẹ̀, tí mo ń sá fún, ni mo fi ọwọ́ ara mi fà wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni a ṣí i. Ọ̀gá kọ́kọ́ wọn kíráńkì. Kò sí ohun tí ó ṣe é. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Lẹ́yìn náà ni ó fa irin tí ó ń ṣí ẹnu àwọn fáàfù jáde. Ó ti dípẹtà, ó ti ń já wẹ́wẹ́ sínú ọ́ìlì.

"Ohùn yẹn dùn, àbí?" Ọ̀gá bi mí. "Ká ní èmi àti ìwọ ló wà lókè níjọ́ tí irin yìí máa tán ńkọ́?"

Ẹ̀rín Àlàájì pàápàá dá. Òun ni ó kọ́kọ́ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Ẹ jẹ́ ká tún èyí ṣe ṣá. Tòkunbọ̀ tí mo fẹ́ rà, ohùn ni ǹ bá fi rà á."

Bí mo ṣe rí ohun tí mò ń wá nìyẹn. Mo tú, mo fọ̀, mo wọ̀n, mo tò, ní ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́, títí ọ́ìlì fi kọ̀ láti kúrò léèékánná mi. Mo rán sùtánà tuntun fún Bàbá. Ó gbà á, ó gbàdúrà gígùn fún mi, ó sì fi kún un pé kí Ọlọ́run fún mi ní ojú lẹ́yìn orí.

Nígbà tí a tò ó tán, a tún pé jọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ti kọ́ pé ohùn kì í ṣe inú, mo sì ti kọ́ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn mi náà jẹ́ ara iṣẹ́ mi. Ọ̀gá wọlé, ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan kan?"

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu ni Ìyá figbe ta lójú fèrèsé: "Ẹ má tíì tan án o! Ẹ jẹ́ n kó aṣọ!"

A dúró, gbogbo wa. Bàbá pàápàá wà níbẹ̀ nínú sùtánà tuntun, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí Ìyá kó èyí tó kẹ́yìn wọlé ni mo tó dá Ọ̀gá lóhùn pé kò sí nǹkan kan.