Òfin Tó De "A Dúpẹ́" Láàfin Ìlárá-Odò

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o, ará Ìlárá-Odò! Mo kí yín tọmọdé tàgbà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí wa, tó tún fún wa ní etí.

Ọpẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá yẹn, Ọlọ́run ni mo dá a fún. Òfin kò kàn án. "A dúpẹ́" tí a fi ń lé ẹni tó bá béèrè àlàáfíà wa lọ ni Kábíyèsí ní kí n wá kéde lé lórí.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Nọ́ọ̀sì Fẹhìntọlá wá sí ààfin láti kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ní ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dààmú. Akọ̀wé ààfin, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbọ́lá, gbé òwú àti báńdéèjì wá. Nọ́ọ̀sì ní kó gbé wọn padà. Ó ní etí ni òwú, sùúrù ni báńdéèjì. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wá ń wá ẹni tí yóò ṣe bí ẹni tí ìdààmú bá, kí àwọn yòókù fi kọ́ṣẹ́. Akọ̀wé nawọ́ sí èmi Ṣólàńkẹ́, akéde yín. Ó ní, "Ẹ lo Bàbá Akéde. Ẹ̀rín ò wọ́n lẹ́nu wọn, kò sẹ́ni tó máa rò pé òótọ́ ni." Wọ́n fún mi ní ìwé onílà méje. Mo ka ìlà kìíní: "N kì í rí oorun sùn mọ́." N kò dé ìlà kejì tí mo fi bú sẹ́kún.

Ìyá Bọ́sẹ̀, alásè ààfin, bẹ̀rẹ̀: "Ẹ mọ́kàn le, ṣebí ọkùnrin ni yín." Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ sókè. Ìyá Bọ́sẹ̀ sún àga mọ́ mi. Wọ́n rọra béèrè pé, "Ṣé ọ̀rọ̀ Mopélọ́lá ni?"

Mopélọ́lá ni ìyàwó mi tó kú nígbà tí a ń gbin àgbàdo. Mo ní òun ni. Mo ní agogo wà nínú àpò mi, pé mo gbé e wá láti dá a padà fún Kábíyèsí, nítorí ohùn mi ti tán. Oṣù mẹ́fà ni gbogbo ààfin fi ń bi mí ní àràárọ̀ pé ṣé dáadáa ni. Oṣù mẹ́fà ni mo fi dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dé etí Kábíyèsí, wọ́n sì pàṣẹ.

Ìkíní: Òṣìṣẹ́ ààfin tí a bá bi pé báwo ni, kò gbọdọ̀ dáhùn "a dúpẹ́" láìtíì sọ òótọ́ kan ná. Òótọ́ kékeré tó.

Ìkejì: Ẹni tó bá béèrè gbọ́dọ̀ dúró gbọ́ èsì. Ìbéèrè láti orí ọ̀kadà tó ń lọ kì í ṣe ìbéèrè.

Ìkẹta: "Ṣé ìwọ nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí?" di èèwọ̀. "Ṣe bí ọkùnrin" di èèwọ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ yóò jókòó ti Olóyè Aṣípa láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, yóò gbọ́ ìtàn orúnkún tó ń dun Olóyè, kò sì gbọdọ̀ lanu. Orúnkún méjì ni Olóyè ní.

Ìkẹrin: Àdúrà kò di èèwọ̀. Orin ìyìn kò di èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi orin bo ẹkún ẹlẹ́kún mọ́lẹ̀. Ká gbọ́ ohun tó ń ṣe é tán, ká tó mọ ohun tí a ó gbàdúrà lé lórí.

Ìkarùn-ún: Ẹni tó bá sọ pé ayé sú òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ fi ọkọ̀ Kábíyèsí gbé e lọ bá Nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà gan-an. Bí Kábíyèsí bá wà nínú ọkọ̀, Kábíyèsí yóò sọ̀ kalẹ̀.

Ìkẹfà kan gbogbo ìlú. Kábíyèsí kò gba agogo. Wọ́n ní kí n gbé e rìn fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ẹnu ọ̀nà tí mo bá dúró sí, kí onílé bi mí bí mo ṣe sùn, kí n tó kéde ohunkóhun. Bí mo bá sá pamọ́ sẹ́yìn "a dúpẹ́", orúnkún kejì Olóyè ń dúró dè mí.

Ẹnu ọ̀nà kìíní nìyí, ilé Ìyá Bọ́sẹ̀. Wọ́n ti bi mí kí n tó lu agogo. Wọn ò sì tíì kúrò lójú kan.

Mo sun wákàtí mẹ́rin. Mo pe orúkọ Mopélọ́lá lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó mọ́. A dúpẹ́.

Agogo ti sọ tirẹ̀, ó ku etí. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́, Olúwa yóò fún yín ní oorun tó ní ìsinmi nínú. Ilé yín kò ní ṣàìní ẹni tí yóò bi yín léèrè, tí yóò sì dúró gbọ́. Àmín.