Ẹni Tó Ń Sùn Lára Ògiri

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, àwòrán ló fà á. Alága ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ló pe Ayàwòrán lẹ́jọ́, ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun bo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lára ògiri gbọ̀ngàn ìlú. Ayàwòrán kúnlẹ̀, ọ̀dà ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

"Kábíyèsí," Alága figbe ta, "mo ní kó ya ọ̀lẹ fún wa, kí ojú ti aráàlú, kí wọ́n tẹpá mọ́ṣẹ́. Ẹ wá wo ohun tó yà! Ọkùnrin kan ló sùn sábẹ́ igi. Oorun náà dùn débi pé ẹni tó bá wò ó, á kọ́kọ́ yán, á wá wá ibi tó máa nà sí."

"Ṣé òótọ́ ni?" Kábíyèsí bi Ayàwòrán.

"Ẹ̀bi mi kọ́, Kábíyèsí. Èmi ò sùn o, búrọ́ọ̀ṣì ló sùn lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo jí i títí, kò dìde."

Ẹ̀rín sọ láàárín ìgbìmọ̀. Wọ́n pe Birikìlà, ẹlẹ́rìí Alága.

"Àwòrán yẹn ti bayé mi jẹ́," ló wí. "Látọjọ́ tí mo ti rí i, mi ò lè gbé búlọ́ọ̀kù mọ́."

Ìyàwó rẹ̀ fò dìde. "Baálé mi, ẹ má purọ́ níwájú ọba! Kí wọ́n tó yà á ńkọ́, ṣé ẹ kì í sùn ni?"

"Ìgbà yẹn, mo kàn ń dánra wò ni."

"Ìwọ obìnrin yìí," Kábíyèsí wí, "kí nìwọ rí níbẹ̀?"

"Ẹkún ni mo bú sí, Kábíyèsí. Mo sáré délé, mo bá ìyá mi nídìí aṣọ tí wọ́n ń fọ̀. Mo ní kí wọ́n lọ rọra sùn, mo fọ ìyókù."

"Ẹkún kẹ̀!" Alága ní. "Ta ló ní kó ya ẹkún?"

Kábíyèsí yíjú sí Ayàwòrán. "Ta lo yà gan-an?"

"Bàbá mi ni, Kábíyèsí. Òkúta ni wọ́n ń fọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọ̀lẹ ni mo fẹ́ yà lóòótọ́, àmọ́ ojú wọn ló yọ sí mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí wọn tí wọ́n sùn lọ́sàn-án. Mi ò wá lè fi wọ́n ṣẹlẹ́yà mọ́."

"Ó dáa," Alága ní, "kó sáà kọ 'Ẹ WO Ọ̀LẸ' gàdàgbà sórí ẹ̀!"

"Ẹ kúkú kọ ọ́ sí èmi níwájú orí!" Ayàwòrán bú sẹ́kún.

Kábíyèsí bi Alága léèrè: "Ìgbà wo lo sùn lọ́sàn-án gbẹ̀yìn?"

"Èmi? Láyé mi kọ́!"

"Abájọ! Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwòrán yẹn. Alága, lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti kanrí, wàá tẹ́ ẹní síwájú rẹ̀, wàá sùn. Ayàwòrán, nítorí irọ́ tó o pa mọ́ búrọ́ọ̀ṣì, ìwọ lo ó máa bá a lé eṣinṣin. Birikìlà, láti òní lọ, ìwọ lo ó máa fọ aṣọ ìyá ìyàwó rẹ."

Alága dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ̀kọ́ tá a fẹ́ kọ́ aráàlú wá ńkọ́?"

"Tó o bá jí," Kábíyèsí ní, "wá sọ ọ́ fún wa."