Ọdúnjọ Nínú Táǹkì Ẹja

Gíláàsì mẹ́rin ló yí Ọdúnjọ ká. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹja wà láàárín itan rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gbé e bọ̀ láti Lekki bí ẹni ń sin ìyàwó lọ ilé ọkọ.

Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gẹrun fún àwọn èèyàn ní Awoyaya ló ti ń gbẹ. Ẹnì kan ṣí òmíràn síwájú tiẹ̀ gan-an, ó fi amúlétutù sí i, ó gbé tẹlifíṣọ̀n tó tó ilẹ̀kùn kọ́ ògiri, ni gbogbo orí àdúgbò bá ṣí lọ sọ́hùn-ún. Ọdúnjọ ronú títí, ó ní ẹja lòun máa fi fà wọ́n padà. Fèyíkẹ́, ìyàwó rẹ̀, bi í bóyá ẹja ló fẹ́ máa gẹrun fún.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Victor ní Lekki nìyẹn, ẹni tó ń kó lọ sí Àbújá, tó sì fẹ́ ta táǹkì ẹja tó ti lò fún ọdún mẹ́fà. Táǹkì náà gùn ju Ọdúnjọ lọ. Ẹja inú rẹ̀ kò ju méjì, aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun, kò sì sí èyí tó ju àtàǹpàkò lọ nínú wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Victor kìlọ̀ fún un dáadáa. Ó ní ẹja òkun ni wọ́n, omi iyọ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí omi òjò bá fi lè wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, kí Ọdúnjọ kúkú lọ wá ata. Ó tún ní kí ó má fara ti etí gíláàsì náà, torí ó lè sán.

Wọ́n gbé táǹkì sẹ́yìn ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, wọ́n di ẹrù tó kù tì í: tábìlì táǹkì, páǹpù, òkúta, kẹ́ẹ̀gì omi iyọ̀ mẹ́jọ. Páálí kún ẹ̀gbẹ́ Habeeb tó ń wa ọkọ̀. Ọdúnjọ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ibì kan ṣoṣo ló ṣófo.

Ó wọ inú táǹkì.

"Ọ̀gá, ṣé ó dá yín lójú?" ni Habeeb bi í.

"Máa wakọ̀ ẹ lọ."

Títí wọ́n fi dé Ajah, kò séwu. Wọ́n kọjá ibẹ̀ tán ni òjò dé. Wààà! Ọdúnjọ rántí ẹja. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó fi bo bọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò tó. Ó bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì kún un. Ó wá ku ṣòkòtò péńpé àti ikùn.

Wáìpà ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́, Habeeb kò ríran mọ́. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Ṣàngótẹ̀dó, ó páàkì síwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí nǹkan bí ogójì èèyàn ti sá òjò sábẹ́ òrùlé rẹ̀.

Ogójì èèyàn. Gbogbo wọn kọjú sí táǹkì.

Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Omi ń pọ̀ sí i. Títí dòní ni Ọdúnjọ ń búra pé ó dé ìdodo òun. Habeeb ní kò kọjá ìdí. Kò lè dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Kò lè di etí gíláàsì mú, kó má baà sán. Ó kàn gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ra, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú pé: Ọdúnjọ, ìwọ lo fẹ́ kí èèyàn máa wo nǹkan nínú gíláàsì. Wọ́n ń wò ó.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ṣá, ṣá, ṣá.

Ó mú ojú le bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìjọba. Obìnrin kan tó fi ike borí sún mọ́ ọn, ó wò ó pẹ̀lú àánú.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ṣé tútù ni yín, àbí yíyan?"

Abẹ́ òrùlé hó gèè. Habeeb gbórí lé sítíárìn, èjìká rẹ̀ ń mì.

Nígbà tí wọ́n dé Awoyaya, ọkùnrin mẹ́rin ló fa Ọdúnjọ jáde, fọ̀ọ̀, bí ẹni fa àgbá nínú kànga. Fèyíkẹ́ gbé táwẹ́ẹ̀lì fún un. Ó ti rí gbogbo rẹ̀ lórí fóònù kí ọkọ̀ tó dé.

Wọ́n gbọ́n omi òjò dànù, wọ́n nu táǹkì gbẹ, wọ́n gbé e ka tábìlì. Ọdúnjọ to òkúta, ó da omi iyọ̀ sí i, ó tan páǹpù. Gbulu-gbulu-gbulu. Ó rọra tú ẹja méjèèjì sínú rẹ̀. Wọ́n wojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fíìn, wọ́n wọ ẹ̀yìn òkúta. Wọn kò jáde mọ́. Ó fi oúnjẹ tàn wọ́n, ó tiẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

Síbẹ̀, nígbà tó di Sátidé, ṣọ́ọ̀bù kún dé ìta. Àwọn tó ti ṣí lọ padà wá. Àwọn mìíràn wá láti Lakowe. Àyà Ọdúnjọ wú. Ó mú máṣíìnì ìgẹrun dání, ó ń wo Fèyíkẹ́ bí ẹni ń sọ pé, ṣé o ti wá rí i báyìí.

Bàbá àgbà kan tó mú ọmọ-ọmọ méjì dání bẹ̀rẹ̀ síwájú táǹkì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọjú wo ẹ̀yìn òkúta. Nígbà tó nàró, ojú rẹ̀ ti fà ro.

"Ìyàwó," ló pe Fèyíkẹ́, "ọkùnrin tó máa ń wà nínú ẹ̀ ńkọ́? Òun la wá wò."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù kọjú sí i.

Fèyíkẹ́ nawọ́ sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá. Ó ku orí kan tó fẹ́ gẹ̀, ó máa wọlé."