Ìkéde Nípa Ìlà Tó Di Iṣẹ́ Ọnà ní Gbọ̀ngàn Ìlú Ìdó-Apá

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Ìdó-Apá, tọkùnrin tobìnrin, ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin tí ẹ wà lóko, ẹ fi ọkọ́ lélẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ààrò, ẹ dín iná kù. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ìlà ní Gbọ̀ngàn Ìlú, ẹ dúró síbi tí ẹ wà. A mọ̀ pé ẹ kò rí ibi kankan lọ.

Káńsù ló rán akéde níṣẹ́. Àwọn ló kọ ọ́, akéde kàn ń kà á ni. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kọ́ akéde lọ́rùn!

Òfin tuntun ti jáde! Òfin tuntun ti jáde! Ó dá lórí bí ọmọ ènìyàn ṣe gbọdọ̀ ṣe àbẹ̀wò sí Gbọ̀ngàn Ìlú, àti ọgbà rẹ̀, àti iṣẹ́ ọnà tó wà nínú ọgbà náà, àti fèrèsé tí a ti ń gba ìwé. Òfin náà pé méje. Ṣùgbọ́n káńsù ní kí a kọ́kọ́ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìwà ìkà ni. Ìwà ìkà kọ́. Àṣìṣe ni. Àṣìṣe tó ti gba òǹtẹ̀ ni.

Gbogbo wa la mọ àṣà ìlú yìí. Láti ìgbà tí àwọn ìyá wa ti ń pọn omi ní odò Ẹlẹ́mi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ọmọ Ìdó-Apá kì í fi ẹsẹ̀ tò. Nǹkan ló fi ń tò. Yóò gbé akèrègbè rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Bí ó bá padà dé, akèrègbè ti tò dé iwájú, nítorí pé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń bá a tì í bí ó ti ń ti tara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fo akèrègbè ẹlòmíràn. Nígbà tí ìjọba kọ́ Gbọ̀ngàn Ìlú, tí wọ́n fi fèrèsé kan ṣoṣo sí i fún gbígba ìwé, àṣà náà bá wa débẹ̀. Òkúta, bàtà ẹsẹ̀ kan, kẹ́ẹ̀gì, àpótí ìjókòó tó ti kán lẹ́sẹ̀: ọ̀kànlélógójì ni wọ́n, wọ́n tò láti ẹnu fèrèsé títí dé ìdí igi apá. Fèrèsé a máa ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó bá rántí.

Ipò kejì, kẹ́ẹ̀gì Ìyá Ṣùkúrá ni. Ipò kẹjọ, òkúta tí a fi ẹfun sàmì sí, ti akéde ni. Ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Ọmọ ọwọ́ ni ọmọ náà nígbà tí òkúta kọ́kọ́ balẹ̀. Ó ti ń rìn báyìí, ó sì ti mọ ọ̀nà fèrèsé.

Ipò kẹta, ọmọ ọlọ Bàbá Lásebìkan ni.

Ẹ mọ Bàbá Lásebìkan, àgbẹ̀ oníṣu tó ń gbé lẹ́yìn ọjà àtijọ́. Òkúta lásán ni Bàbá kọ́kọ́ fi tò. Ẹnìkan gbé e lọ, ó fi ti ilẹ̀kùn. Bàbá fi bàtà tò. Ajá gbé e. Nígbà kẹta, ó wọ ilé ìdáná, ó gbé ọmọ ọlọ Àbẹ̀jẹ́, ìyàwó rẹ̀ tó ti lọ sọ́run. Òkúta dúdú ni, ó ń dán, ata lílọ̀ ogójì ọdún sì ti mú kí ó bá àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà mu rẹ́gí. Bàbá gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní, “Àbẹ̀jẹ́ kò gbà kí ẹnikẹ́ni fo òun nígbà ayé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bá mi dúró.”

Ohun tí Bàbá ń wá kò ju ìwé kan ṣoṣo lọ: ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú fún Fọláwẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti mú Fọláwẹ̀. Wọ́n ní kí ó mú ìwé náà wá, ó pẹ́ tán, ọjọ́ Ẹtì àná. Bí ọjọ́ Ẹtì bá kọjá, wọn yóò fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọmọ náà ti ran aṣọ funfun. Ó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá kò lè ti ilẹ̀kùn lálẹ́ kó má rí i.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, Àlejò Pàtàkì kan dé láti olú-ìlú, ó wá ṣí ọgbà iṣẹ́ ọnà tí káńsù sọ pé òun ti ṣe. Ọgbà wà. Iṣẹ́ ọnà ni kò sí. Ère tí wọ́n ní kí wọ́n gbẹ́ ṣì wà nínú igi, igi náà sì wà nínú igbó. Àlejò rìn títí, kò rí nǹkan kan. Òógùn bo Alága káńsù. Àfi bí Àlejò ṣe dúró lójijì níwájú ìlà wa. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ wo nǹkan! Ta ló ronú èyí?” Ó ní sùúrù ọmọ ènìyàn ni òkúta àti bàtà wọ̀nyí ń sọ. Ó ní ó kù díẹ̀ kí òun sunkún.

Ìyá Ṣùkúrá dá a lóhùn láti ìdí igi: “Ẹ sun ún o, ọ̀gá. Àwa ti sun tiwa tán.”

Àlejò kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Alága mọ̀ pé ìlà ni. Akọ̀wé Àgbà mọ̀ pé ìlà ni. Ṣùgbọ́n Àlejò ti kọ ọ́ sínú ìwé àlejò, ó sì ti fọwọ́ sí i. Ohun tí àlejò bá yìn, onílé kì í dá a lóhùn pé òun gbàgbé láti kó o ni. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti fi ṣéènì yí gbogbo rẹ̀ ká. Wọ́n kan pátákó mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀: SÙÚRÙ. ONÍṢẸ́ ỌNÀ: A KÒ TÍÌ MỌ̀ Ọ́N.

Nítorí náà, òfin dé! Ẹ gbọ́ o!

Òfin kìíní! Ẹni tó bá wá wo iṣẹ́ ọnà, ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí ó gbà. Ẹni tó bá wá gba ìwé, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni tirẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wà ní títì. A tún un sọ: ó wà ní títì! Ẹni tó bá fẹ́ kan ilẹ̀kùn náà, ìka kan ni kí ó lò, kí ó má baà jí ẹni tó wà nídìí rẹ̀.

Òfin kejì! Koríko inú ọgbà, ti ìjọba ni. Ojú nìkan ni kí a fi tẹ̀ ẹ́. Ewúrẹ́ tí kò bá mọ̀wé, kí olówó rẹ̀ ka òfin yìí sí i létí lẹ́ẹ̀mẹta lójú ẹlẹ́rìí méjì. Bí ewúrẹ́ bá gbọ́ tí kò gbà, olówó rẹ̀ yóò dúró ní ipò koríko tó jẹ, títí koríko náà yóò fi hù padà.

Òfin kẹta! Ìjókòó mẹ́rin ló wà lábẹ́ igi apá. Ẹni tó rẹ̀ nìkan ló lè jókòó síbẹ̀. Kí ó mú ìwé ẹ̀rí dání pé ó rẹ òun. Fèrèsé ni a ti ń gba ìwé náà.

Òfin kẹrin! Yàrá ìkàwé ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, láti ìta. Ẹ lè wo ìwé lójú gíláàsì. Ẹ lè kí wọn, kí ẹ béèrè àlàáfíà wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú wọn, kí ó lọ bá ẹni tó kà wọ́n kẹ́yìn. Ẹni náà ti darúgbó, ó sì ní òun kò rántí ju àwòrán erin kan lọ.

Òfin karùn-ún! Èyí ni ìyá òfin! Ẹni tó bá dé iwájú SÙÚRÙ, kí ó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta jìnnà sí i. Kí ó káwọ́ sẹ́yìn. Kí ó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan o! Kò gbọdọ̀ sọ pé, “Bàtà mi rè é.” Kò gbọdọ̀ ti nǹkankan síwájú. Ohunkóhun tó bá wà lórí ìlà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ìbáà jẹ́ Alága fúnra rẹ̀. Fèrèsé kò ní ṣí títí ìlà yóò fi sún. Ìlà ti di iṣẹ́ ọnà. Iṣẹ́ ọnà kì í sún. Ẹni tí èyí kò bá yé, kí ó lọ béèrè ní fèrèsé. Ẹni tó bá rú òfin karùn-ún, yóò ka pátákó náà sókè nígbà ogójì, níwájú àna rẹ̀.

Ẹ má tíì lọ o! Òfin kẹfà ní ìdí tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá Lásebìkan ti oko dé, ó bá ọmọ ọlọ nínú ṣéènì. Ó wò ó títí. Ó yíjú sí ẹ̀ṣọ́. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni ìyàwó mi ṣe tí ẹ fi dè é?”

Ẹ̀ṣọ́ ní, “Bàbá, iṣẹ́ ọnà ni.”

Bàbá ní, “Mo mọ̀. Mo bá a gbé.”

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, akọ̀wé tó wà nídìí fèrèsé, yọjú. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ìlà kò sún.”

“Ta ló wà níwájú mi?”

“Kẹ́ẹ̀gì Ìyá Ṣùkúrá ni.”

“Ìyá Ṣùkúrá fúnra rẹ̀ rè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.”

“Mo rí wọn, Bàbá. Kẹ́ẹ̀gì wọn ni kò tíì dé.”

Bàbá lọ sílé. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó rí aṣọ funfun.

Lọ́jọ́ kejì, káńsù lẹ ìwé kan mọ́ ẹnu ọ̀nà iwájú: A ń wá oníṣẹ́ ọnà tó ṣe SÙÚRÙ. Kí ó wọlé láì tò. Kí ó gba ìwé ẹ̀rí pé ọmọ ìlú yìí ni, nítorí pé Àlejò fẹ́ gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí olú-ìlú. Fọláwẹ̀ ló kà á sí Bàbá létí. Bàbá ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà. Bàbá ní kí ó padà síbi “láì tò.”

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Bàbá wọ aṣọ tó fi ṣe ìgbéyàwó, ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Ṣówándé ní, “Bàbá! Ẹ̀yin lẹ ṣe iṣẹ́ ọnà yìí?”

Bàbá ní, “Èmi nìkan kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó dúró jù mí lọ.”

Ṣówándé mú kálàmù. Ó ní, “Kí ni orúkọ tí n ó kọ sí i?”

Bàbá ní, “Fọláwẹ̀ Lásebìkan.”

Kálàmù dúró. Ṣówándé wo Bàbá. Ó wo ilẹ̀kùn ọ̀gá rẹ̀. Òun náà ní ọmọ nílé. Ó kọ ọ́. Ó lù ú ní òǹtẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni ọmọ ọlọ fi tò. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ìwé fi jáde.

Nígbà tí Bàbá ń lọ, ó gbẹ́sẹ̀ kọjá ṣéènì, ó gbé ọmọ ọlọ Àbẹ̀jẹ́ há abíyá. Ẹ̀ṣọ́ pariwo, “Bàbá, ẹ kò gbọdọ̀ o!” Bàbá ní, “Ọmọ mi, oníṣẹ́ ọnà ti dé. Ẹ lọ tún pátákó yín kọ.” Ẹ̀ṣọ́ yíjú sí pátákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Ní àná, ọjọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó kan àtàrí, Fọláwẹ̀ ti fi ìwé náà lé ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Wọ́n gbà á! Ẹ bá Bàbá yọ̀ o!

Ní ọ̀sán àná kan náà, oníṣẹ́ ọnà mọ́kàndínlógójì mìíràn dé ẹnu ọ̀nà iwájú. Ìyá Ṣùkúrá ló ṣíwájú wọn. Akéde nìkan ni kò lọ. Iṣẹ́ káńsù ló ń jẹ́ káàkiri.

Nítorí náà, òfin kẹfà! Oníṣẹ́ ọnà kan ṣoṣo ni Ìdó-Apá ní, a sì ti rí i. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ jẹ́ oníṣẹ́ ọnà títí káńsù yóò fi sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ nǹkan lọ́wọ́, kí ó tọ́jú ọwọ́ rẹ̀ sílé.

Òfin keje! Àyè tó ṣófo ní ipò kẹta ti di ara iṣẹ́ ọnà. Àlejò ti rí fọ́tò rẹ̀, ó ní àyè náà ló wọ òun lára jù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé òkúta síbẹ̀! Kò gbọdọ̀ gbé bàtà síbẹ̀! Kò gbọdọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì, àpótí, igbá, tàbí ewúrẹ́ síbẹ̀, ìbáà ṣe èyí tó mọ̀wé! Ẹni tó bá gbé e síbẹ̀, a ó ní kí òun fúnra rẹ̀ lọ dúró ní ìparí ìlà, a ó sì fi ṣéènì yí i ká.

Òfin parí. Kò ní ẹ̀kẹjọ.

Akéde ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó tún un kà. Ó rí òkúta níbẹ̀. Ó rí bàtà, ó rí kẹ́ẹ̀gì, ó rí àpótí, ó rí igbá. Ó rí ewúrẹ́. Kò rí agogo.

Bàbá Lásebìkan ló ni ipò kẹta, ó sì ti fi ta akéde lọ́rẹ. Àwọn mẹ́rin tó wà láàárín gbà. Ìyá Ṣùkúrá ní, “Gbé e síbẹ̀, ká wo ohun tí wọ́n máa fi kéde rẹ̀.” Nítorí náà, bí akéde bá ti lu agogo yìí dé ìdí igi apá, yóò gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní ipò kẹta, yóò sì bá tirẹ̀ lọ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Òfin karùn-ún ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bí káńsù bá tún ní òfin tí wọ́n fẹ́ kí ìlú gbọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí fèrèsé.

Ẹni tó gbọ́, kí ó gbé e dé etí ẹni tó wà lóko. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kí ó wá wò ó, kí ó káwọ́ sẹ́yìn, kí ó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Akéde ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Agogo ló kù tí ń tò.

Kó! Kó! Kó!