Àyè Káfíńtà

Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, Màmá Aránṣọ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá Pásítọ̀ tuntun nídìí bẹ́ńṣì iwájú, tó di àkéte olóògbé ọkọ rẹ̀ mú léti bí ẹni mú eku. Látìgbà tí ọkọ náà ti kú ni Màmá ti fi àkéte yìí sórí àyè rẹ̀. Ìyá Olóore-ọ̀fẹ́ ni ìjọ ń pe Màmá yìí, torí ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo ìbéèrè ní kíláàsì Ọjọ́ Ìsinmi, ìgbà tí wọ́n béèrè pé ta ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá, "Oore-ọ̀fẹ́!" ló pariwo.

"Pásítọ̀, ẹ gbé àkéte yẹn kalẹ̀ ná. Orí tó ni ín ò sí níbí láti gbèjà rẹ̀."

"Ẹ káàsán, Màmá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀gá tó ń du ipò nínú ìbò tó ń bọ̀ yìí máa wá jọ́sìn lọ́la. Ìgbìmọ̀ ní kó jókòó síwájú, àyè kan ṣoṣo ló sì ṣófo."

"Kò ṣófo. Ọkọ mi ló wà níbẹ̀."

Pásítọ̀ wo àkéte, ó wo Màmá, ó gbójú sókè bóyá ìrànlọ́wọ́ máa ti ibẹ̀ wá. Páànù tuntun nìkan ló rí.

"Màmá, Bàbá ti lọ sinmi láti èṣí."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé àwa tá a wà láyé àtàwọn tó ti sùn nínú Olúwa, ìjọ kan náà ni wá. Àbí tí ìbò bá ti dé, ìjọ á pín sí méjì?"

"Ìjọ kan náà ni wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lọ́run ò nílò bẹ́ńṣì."

"Ẹni tó ń wá ìbò náà ò nílò rẹ̀. Ṣebí ó ní òun fẹ́ dúró fún wa? Kó dúró!"

Pásítọ̀ mí kanlẹ̀. "Màmá, ẹ wo òkè. Ọ̀gá yẹn ló fún wa ní páànù yìí. Òjò ò pa yín mọ́ níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Ṣé iṣẹ́ tó ṣe yẹn ò tó gba àyè kan?"

Ibi tí Màmá ń wá ló bọ́ sí yìí. Ó tún gèlè rẹ̀ so.

"Háà! Iṣẹ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní a ò lè fi iṣẹ́ ọwọ́ ra àyè lọ́dọ̀ Ọlọ́run? Páànù ò gbani là, Pásítọ̀. Oore-ọ̀fẹ́ ni! Olè tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú, páànù mélòó ló gbé wá?"

Pásítọ̀ fi àkéte bo ẹ̀rín mọ́nú. "Kò gbé ìkankan wá, Màmá."

"Ẹ̀n-ẹ́n!"

Inú Màmá dùn sí ara rẹ̀ débi pé ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan gbọ́. Òun tí òun ò kọjá ìwé mẹ́ta!

"Ẹ ti borí mi. Kò sẹ́ni tó máa fi iṣẹ́ gba àyè níbí mọ́. Báwo wá ni Bàbá ṣe gba tiwọn?"

"Báwo kẹ̀? Òun ló kan bẹ́ńṣì yìí! Ó gé pákó, ó fá a, ó fi sáńpépà gbo ó títí ó fi ń dán bí ojú ọmọ tuntun. Ìṣó gún un ní àtàǹpàkò. Ẹ wò ó, ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kán sí rèé! Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́..."

Ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀.

"Irú kí ni, Màmá?"

"Ẹ jẹ́ n sinmi."

"Ó jọ pé iṣẹ́ ni mo gbọ́."

"Iṣẹ́ lẹ gbọ́." Màmá jókòó gbì. "Ẹ ò rí ayé mi! Látọjọ́ tí mo ti ń pariwo oore-ọ̀fẹ́, àṣé iṣẹ́ káfíńtà ni mo gbójú lé. Pàkúté tí mo dẹ fún olóṣèlú, èmi tí mo dẹ ẹ́ ni mo kó sí i."

Ó fọwọ́ pa ibi tí ìdí ọkọ rẹ̀ ti jẹ pákó wọlé. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Pásítọ̀, bí mo bá gbé àkéte yẹn lọ sílé, mo ti gbà pé kò ní wá mọ́ nìyẹn."

Pásítọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbé àkéte náà fún un. "Màá sọ fún ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n wá ibòmíì."

"Ẹ má sọ nǹkan kan." Màmá gba àkéte, ó fẹ́ eruku rẹ̀, ó sì dé e lé orí gèlè. "Kó wá jókòó. Ẹ jẹ́ kó yé e pé kì í ṣe torí páànù o. Oore-ọ̀fẹ́ ni."

"Ọlọ́run á bù kún yín, Màmá!"

"Kó má tíì bù kún mi ná. Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa wà. Gbogbo ìwàásù lọkọ mi fi ń sùn níbí, ìgúnpá yìí ni mo fi ń jí i. Ìgúnpá ò sì tíì gbọ́ pé ó ti di opó."

"Ọ̀gá náà ò ní sùn. Ìlérí ló fẹ́ ṣe fún ìjọ. A ò ní jẹ́ kó gun àga ìwàásù, orí ìjókòó rẹ̀ náà ló ti máa sọ ọ́."

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Màmá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na ìgúnpá náà wò.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìlérí kan, ìgúnpá kan."